Ooru Ìlọrin yìí, èédú ló fà á ni, àbí èéfín ilé-iṣẹ́ òyìnbó?

Ọmọ_Ìpàta (ọjọ́ Àìkú, 9:14 àárọ̀)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan délẹ̀ níbi ìpàdé àwọn onílé àdúgbò wa ní Tankẹ, ó sì di ariwo débi pé a ò rí ìpàdé parí. Alága ní ooru tó ń bá wa fínra láti oṣù Kejì yìí, àwọn tó ń sun èédú lọ́nà Òkè-Òde ló fà á, wọ́n ti gé igi Kwara tán. Ó ní kí a fòfin de títa èédú ládùúgbò, kí ẹni tó bá sì ń fi í dáná máa san owó ìtanràn. Alhaji kan dìde, ó ní irọ́ ni, rọ́kẹ́ẹ̀tì àwọn òyìnbó ló dá ihò sójú ọ̀run tí oòrùn fi ń ta wá ní tààràtà. Bàbá kẹta ní àmì òpin ayé ni, kí kálukú lọ tún ìwà rẹ̀ ṣe.

Èmi ni akọ̀wé. Wọ́n ní kí n lọ wádìí kí a tó dìbò ní ìpàdé tó ń bọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn tó mọ̀ ọ́n ń bẹ níbí. Kí ló ń mú ayé gbóná gan-an? Kí ló sì máa fojú wa rí ní Kwara? Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ "wọ́n ní" o, ọ̀rọ̀ tó ṣeé kọ sínú ìwé ni mo fẹ́.

Ìyá_Èédú_Gánmọ̀ (9:40)

Akọ̀wé, mo kí ọ. Ẹ ti rí ẹni tí ẹ máa di ẹrù náà lé lórí, àbí? Ìyá tó ń ta èédú! Èédú ni mo fi rán ọmọ níléèwé, mi ò sì jí i. Àwọn wo ló ń rà á lọ́wọ́ mi? Àwọn onílé Tankẹ náà ni. Nígbà tí gáàsì gbówó lórí, àwọn tó ní mọ́tò méjì nílé ló ń páàkì síwájú ìsọ̀ mi, tí wọ́n á ní kí n fi ọ̀rá dúdú wé e kí aládùúgbò má bàa rí i. Jẹnẹrétọ̀ alága ńkọ́? Tùràrí ni òun ń tú jáde ni? Ẹ jẹ́ kí ẹni tó kàwé wá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kó má gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni.

Tísà_Ọ̀mù-Àrán (10:52)

Ẹ má bínú, màmá. Fíṣíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí gbogbo wa ti mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ rántí òru ọyẹ́ nínú oṣù Kejìlá. Lọ́sàn-án, oòrùn á mú ganrínganrín, ṣùgbọ́n tó bá di ìdájí, kálukú á máa fa aṣọ ìbora mọ́ra. Ẹ wá rántí òru oṣù Kẹrin. Oòrùn ti wọ̀ tipẹ́, síbẹ̀ ògiri ṣì ń gbóná, ẹlòmíì á gbé ẹní jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Oòrùn ò kúkú ràn lóru nínú oṣù méjèèjì. Ohun tó yàtọ̀ ni oru omi tó wà nínú afẹ́fẹ́. Ilẹ̀ tó ti mu ooru láti àárọ̀ máa ń tú u sílẹ̀ sójú ọ̀run lóru. Lásìkò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbẹ, ooru náà ráyè lọ. Nínú oṣù Kẹrin, oru omi tó kún òfuurufú gba ooru náà mú, ó sì ń dá apá kan rẹ̀ padà sórí wa. Ìdí tí a fi ń làágùn lóru nìyẹn.

Oru omi nìkan kọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Kábọ́ọ̀nù-dáyọ́ksáìdì, gáàsì tó ń jáde nígbà tí igi tàbí epo bá ń jó, ń ṣe é, gáàsì mìíràn tó ń jẹ́ mítéènì náà ń ṣe é. Kò burú láti ìbẹ̀rẹ̀ o. Tí kò bá sí wọn rárá, bí a bá pa ooru gbogbo ayé pọ̀ tí a pín in, yóò jẹ́ nǹkan bíi dígírì 18 sísàlẹ̀ òdo. Pẹ̀lú wọn, ó ń sún mọ́ 15 sókè òdo, ìyẹn la fi ń rí iṣu gbìn. Wàhálà dé nígbà tí ọmọ ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bu kún un.

Kí àwọn ará Yúróòpù tó fi èédú tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ (irú tí wọ́n wà ní Enugu láyé ìjọba òyìnbó, kì í ṣe ti màmá) bẹ̀rẹ̀ sí í wa ẹ̀rọ, tí ẹ bá ka mílíọ̀nù kan ẹyọ afẹ́fẹ́, nǹkan bí 280 nínú rẹ̀ ni kábọ́ọ̀nù-dáyọ́ksáìdì. Ní 1958, Charles David Keeling gbé ẹ̀rọ sórí òkè Mauna Loa ní Hawaii, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n. Ó bá a ní nǹkan bí 315. Wọn ò dáwọ́ dúró títí dòní, ó sì ti kọjá 420 báyìí. Lọ́dọọdún, èédú ilẹ̀, epo rọ̀bì, gáàsì àti sìmẹ́ǹtì ń tú nǹkan bíi bílíọ̀nù 37 tọ́ọ̀nù rẹ̀ sínú afẹ́fẹ́.

Ẹlòmíì á ní báwo la ṣe mọ̀ pé láti inú ilẹ̀ ló ti wá, tí kì í ṣe igi tó ń jẹrà. Kábọ́ọ̀nù tó wà nínú igi tútù ní irú kan nínú tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù-14. Èyí tó ti sùn sínú ilẹ̀ láti àìmọye ọdún kò ní in mọ́, ó ti run tán. Láti 1955 ni Hans Suess ti yẹ igi wò tó sì rí i pé ti inú ilẹ̀ ti ń bu omi la ti ojú ọ̀run. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun rárá. Svante Arrhenius, ará Sweden, ti ṣírò ní 1896 pé tí kábọ́ọ̀nù inú afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, ayé á gbóná sí i. Kò tíì sí mọ́tò nígboro Ìlọrin nígbà yẹn.

Bàbá_Pákátá (11:30)

Tísà, o sọ̀rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n mo ti dàgbà ju ẹni tí wọ́n ń fi nọ́ńbà dẹ́rù bà lọ. Ojú mi ló ṣe ní 1983. Ọ̀dá dá, ọyẹ́ mú wá láìlọ, igbó ń jó, oko ń jó, àwọn tó ní kòkó lápá ìsàlẹ̀ sunkún. Ṣé kábọ́ọ̀nù ló ṣe ìyẹn náà? Ọdún tó tutù wà, ọdún tó gbóná wà. Láyé bàbá mi náà, ooru máa ń mú. Ọyẹ́ ọdún yìí gan-an, ó mú mi débi pé ètè mi là. Ayé wo ló wá ń gbóná?

Tísà_Ọ̀mù-Àrán (11:58)

Bàbá, ẹ kú àgbà. Òótọ́ ni ti 1983, bàbá tèmi náà ń sọ ọ́. Ọ̀dá ìgbà yẹn kì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìparí àwọn ọdún 1960, gbogbo ilẹ̀ Sahel, ìyẹn ẹ̀bá aṣálẹ̀ Sàhárà lápá gúúsù, ló lù. Ohun tí àwọn onímọ̀ rí ni pé bí omi òkun ṣe gbóná tó tàbí tutù tó ló ń pàṣẹ fún òjò tiwa. Nígbà náà, òkun Àtìláńtíìkì lápá àríwá tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ti gúúsù sì gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, òjò ò sì gòkè wá bó ṣe yẹ. Èéfín ilé-iṣẹ́ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà tó ń bo oòrùn mọ́ òkun náà lójú wà lára ohun tó fà á. Nítorí náà, ọwọ́ ènìyàn wà nínú ìyẹn pàápàá.

Ti ọyẹ́, eruku ni. Láti àfonífojì Bodélé ní Chad ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń gbéra. Tó bá bo ojú ọ̀run, oòrùn kì í rí ilẹ̀ dáadáa lọ́sàn-án. Ìlọrin wa gan-an wà lára ibi tí gbogbo ayé ti ń kọ́ nípa eruku yìí: láti 1998 ni ẹ̀rọ kan ti wà ní Yunifásítì Ìlọrin, nínú àwọn tí NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, so pọ̀ káàkiri ayé, tó ń wo oòrùn láti mọ ìwọ̀n eruku àti èéfín tó wà láàárín. Ọ̀pọ̀ wa ló ń kọjá nínú ọgbà náà láìmọ̀.

Ní ti oòrùn fúnra rẹ̀, sátẹ́láìtì ti ń wọ̀n ọ́n láti 1978, agbára rẹ̀ ò lọ sókè. Tó bá jẹ́ oòrùn ló ń mú ayé gbóná, ó yẹ kí òkè òfuurufú lọ́hùn-ún gbóná pẹ̀lú. Dípò bẹ́ẹ̀, òkè lọ́hùn-ún ń tutù, ìsàlẹ̀ níbi tí a wà ló ń gbóná, nítorí ìsàlẹ̀ níbí ni àwọn gáàsì yẹn ti dí ooru mọ́. Ọdún kan ṣoṣo kò lè jẹ́rìí, Bàbá. Ẹ wo ọdún mẹ́wàá pọ̀: nígbà tí 2024 parí, ọdún 2015 dé 2024 ni ọdún mẹ́wàá tó gbóná jù lọ láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣe àkọsílẹ̀. Ti 2024 ló ga jù, ó fi nǹkan bíi dígírì 1.55 ju ti ayé àtijọ́ láàárín 1850 sí 1900 lọ.

Bàbá_Pákátá (12:06)

Dígírì kan ààbọ̀! Ìyẹn náà lẹ ń pariwo lé lórí? Láàárín àárọ̀ sí ọ̀sán níbí, ó ń fi mẹ́wàá yàtọ̀.

Alágbàdo_Ìdọ̀fìàn (12:41)

Bàbá, dígírì kan ààbọ̀ yẹn, ẹ wá wò ó lóko mi. Mi ò mọ kábọ́ọ̀nù, àgbàdo ni mo mọ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ ló ń kó wa sí pàǹpẹ́ báyìí. Á rọ̀ nínú oṣù Kẹta, á rọ̀ dáadáa, ilẹ̀ á tutù, kálukú á gbé irúgbìn lọ sóko. Àgbàdo á hù, ewé á tó mẹ́rin, òjò á wá jókòó sọ́hùn-ún. Ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tó bá lówó á tún irúgbìn rà, ẹni tí kò ní á máa wo ojú ọ̀run. Owó tí mo san fún katakata láti kọ ebè kò ṣeé gbà padà.

Èyí tó bá yè náà ńkọ́? Tí ooru bá bá a nígbà tó ń yọ ìrùkẹ̀rẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ láti ojú títì pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Oko á tutù yọ̀yọ̀, ẹni tó ń kọjá á ní "ẹ kú oríire". Ìrùkẹ̀rẹ̀ á ti funfun, ìyẹ̀fun orí rẹ̀ á ti gbẹ kí irun àgbàdo tó yọ sísàlẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá ya á, ẹ ṣí èèpo, ẹ bá ọmọ mẹ́ta lókè, méjì nísàlẹ̀, àárín ṣófo. Ṣùkù lásán.

Iṣu náà ń jìyà tirẹ̀. Láyé àtijọ́, a máa ń fi koríko gbígbẹ dé orí ebè, àwọn ọmọdé ìsìnyí ò ṣe é mọ́, wọ́n ní iṣẹ́ ti pọ̀ jù. Ẹni tí kò dé e nínú ooru oṣù Kẹta, inú ebè ni èbù rẹ̀ á ti jinná. Mo ti tú ebè tí mo bá omi tó ń rùn nínú rẹ̀. Ẹ padà sí koríko o, ẹ̀yin àgbẹ̀ tó wà níbí. Kò náni ju ọ̀sán kan lọ.

Mo wá ń bi Tísà: ṣé òjò ló ń dín kù ni?

Tísà_Ọ̀mù-Àrán (1:20 ọ̀sán)

Ìbéèrè gidi lẹ bi yìí, ọ̀gá. Kì í ṣe bí yóò ṣe pọ̀ tó lọ́dún nìkan ló ń dá wa láàmú, bí yóò ṣe máa rọ̀ ni. Afẹ́fẹ́ tó fi dígírì kan gbóná sí i lè gbé oru omi tó fi nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ju ti tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ó ń pẹ́ kó tó rọ̀, tó bá sì máa rọ̀, á dà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ lè ka òjò ọdún méjì kí iye wọn jọra, kí ọ̀kan bọ́ àgbàdo yín, kí èkejì gbá a lọ. Ìgbà tí òjò máa fìdí múlẹ̀ ló ń nira láti mọ̀, àwọn onímọ̀ sì ń retí pé yóò máa pẹ́ sí i ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Bàbá Pákátá, dígírì kan ààbọ̀ yẹn, gbogbo ayé ni wọ́n pín in fún, òkun wà nínú rẹ̀. Òkun ti gbé ju ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ooru àfikún náà mì, orí ilẹ̀ ló sì ń yára gbóná ju orí omi lọ. Tí ìpín gbogbo ayé bá sún díẹ̀, ọjọ́ tó burú jù lọ lọ́dún máa ń sún púpọ̀. Nínú oṣù Kẹrin 2024, ìlú Kayes ní Málì dé dígírì 48.5. Mùsùlùmí ẹgbẹ́ yín ló wà níbẹ̀, wọ́n ń gba ààwẹ̀ lọ́wọ́ ni.

Aládìẹ_Èyénkọrin (1:34)

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ tèmi nítorí ọ̀sán ti ń mú. Adìẹ kì í làágùn, ẹnu ló fi ń mí ooru jáde. Tí ọ̀rinrin bá tún pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, mímí ọ̀hún ò ràn án lọ́wọ́. Bírọ́ílà tó ti sanra, tó ku díẹ̀ kí a tà á, òun ló ń kọ́kọ́ kú, láàárín aago méjì sí mẹ́rin. Mo ti gbé àkókò oúnjẹ wọn kúrò ní ọ̀sán bọ́ sí ìdájí, mo fi imọ̀ ọ̀pẹ bo orí páànù, mo sì dín iye tí mò ń kó sínú yàrá kan kù. Owó tó ń wọlé dín kù, àmọ́ mi ò kó òkú mọ́.

Ọmọ_Ọ̀ffà_ní_Kánádà (2:15)

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ jẹ́ kí a sọ ojú abẹ níkòó. Gbogbo kábọ́ọ̀nù tí ọmọ aráyé ti fi epo, gáàsì àti èédú ilẹ̀ tú sínú afẹ́fẹ́ láti ayébáyé, Amẹ́ríkà nìkan ló ni nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Lónìí, Ṣáínà ló ń tú jù lọ lọ́dún, ó ń lọ sí ìdá kan nínú mẹ́ta. Nàìjíríà, pẹ̀lú gbogbo èrò inú rẹ̀, kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ti gáàsì tí wọ́n ń sun dànù ní Niger Delta wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìyá kan ní Gánmọ̀ lẹ fẹ́ bu owó ìtanràn lé. Ẹni tó jẹ gbèsè kọ́ ló ń san án.

Kì í ṣe pé ó yọ àwọn tó wà níbí sílẹ̀. Ní 2023, igbó tó jó ní Kánádà tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 15 hẹ́kítà. Ojú ọ̀run pọ́n, a ti fèrèsé pa nínú ooru, èéfín ṣì ń wọlé.

Bàbá_Pákátá (2:22)

Ìwọ tí o wà níbẹ̀ ńkọ́? Ṣé igi ni o fi ń yáná nígbà òtútù? Gáàsì wọn lo ń sun. Bó o bá ń bọ̀ wálé lọ́dún Iléyá, bàálù lo máa wọ̀.

Ọmọ_Ọ̀ffà_ní_Kánádà (2:30)

Hà, Bàbá! Ẹ ti mú mi. Mo sun ún, mo sì ń wọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí àwa tí a wà lọ́hùn-ún san tiwa.

Ọmọ_Ìpàta (3:05)

Mò ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Tísà, ẹ ò tíì dá Alhaji lóhùn lórí ihò ojú ọ̀run. Tí ó bá sì jẹ́ àwọn ará òkèèrè ló fa ooru yìí, kí ló dé tí Tankẹ fi ń gbóná ju inú ọgbà yunifásítì lọ? Tí mo bá gun ọ̀kadà wọ inú ọgbà náà, ara mi ń mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Tísà_Ọ̀mù-Àrán (3:31)

Ihò ọ̀hún wà lóòótọ́, òkè Antarctica, ilẹ̀ yìnyín tó wà ní ìpẹ̀kun gúúsù ayé, ló wà, kì í ṣe òkè Ìlọrin. Gáàsì inú fìríìjì àtijọ́ àti ti agolo afínfín ló jẹ ósóònù ibẹ̀, kì í ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ósóònù ń dí ìtànṣán tó ń fa jẹjẹrẹ awọ ara, òun kọ́ ló ń gbé ooru dúró. Àwọn orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn ní Montreal ní 1987 láti pa gáàsì náà tì, ihò náà sì ti ń dí díẹ̀díẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún Alhaji pé ọ̀rọ̀ méjì ni ó lẹ̀ pọ̀. Ọ̀rọ̀ kejì yín, mo fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń kọ́lé.

Ayàwòrán_Ilé_Fáàtẹ̀ (4:10)

Ó ti kàn mí. Akọ̀wé, ooru méjì ló wà lórí yín, ẹ má pa wọ́n pọ̀ sínú ìwé yín. Ọ̀kan ni ti gbogbo ayé tí Tísà ṣàlàyé. Èkejì, ọwọ́ ara wa la fi kọ́ ọ.

Ẹ wo bí a ti ń kọ́lé ní Ìlọrin nísinsìnyí. Páànù tín-ín-rín lókè, àjà tó wà lábẹ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ páànù débi pé afẹ́fẹ́ ò ráyè kọjá láàárín wọn. Gbogbo àgbàlá, íńtálọ́ọ̀kì láti géètì dé ilé ìdáná, kò sí ibi tí koríko kan lè yọjú. Fẹ́ńsì ga ju orí fèrèsé lọ, atẹ́gùn wá di àlejò. Bíríkì àti kọnkéré á mu oòrùn láti àárọ̀, wọ́n á máa tú u síni lára títí aago méjìlá òru. Ilé alámọ̀ àwọn bàbá wa ní Ojú-Ẹkùn, ògiri rẹ̀ nípọn, ẹ wọ inú rẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán kí ẹ wá bá mi sọ ohun tí ẹ rí.

Mo rántí Tankẹ kí ilé tó dé. Igi èmi (tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí) àti igi igbá (tí wọ́n ń fi ṣe irú) ló wà níbẹ̀, wọ́n jìnnà síra, màlúù ń jẹ lábẹ́ wọn. Ta ló gé wọn? Kì í ṣe ará Òkè-Òde. Àwa tí a ra ilẹ̀ ni, a ní gbòǹgbò igi á ba fáúńdéṣọ̀n jẹ́. Igi tó wà láàyè ń fa omi láti inú ilẹ̀, ó ń mí i jáde láti ojú ewé, ìyẹn ń mú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù, kí a má tíì sọ ti ibòji. Ẹ ò rí irú igi bẹ́ẹ̀ mẹ́ta lójú ọ̀nà yín látòkè dé ìsàlẹ̀.

Àfáà_Gàá-Òdòta (4:48)

Àsàláámù àlékúmù. Bàbá tó ní àmì òpin ayé ni kò ṣàṣìṣe pé kí kálukú tún ìwà ṣe, ṣùgbọ́n ìwà wo? Pàǹtí tí a ń dà sínú gọ́tà náà, ìwà ni. Ilé tí a kọ́ sójú ọ̀nà odò náà, ìwà ni. Ọlọ́run dá odò Àsà ní ọ̀nà tirẹ̀. Tó bá kún, ọ̀nà rẹ̀ ló ń tọ̀, ẹ bá a níbẹ̀, ẹ ní ó wá bá yín.

Tísà_Ọ̀mù-Àrán (5:17)

Àfáà, ẹ ṣeun. Mo fẹ́ kí akọ̀wé kọ ibí yìí dáadáa, nítorí ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ tí wọ́n ń gbé gbogbo ẹ̀kún omi lé ojú-ọjọ́ lórí, kí ìjọba àti onílé lè lọ sùn. Ní òpin oṣù Karùn-ún 2025, omi wọ Mokwa tó wà lókè Jẹ́bà, ó pa ju 150 ènìyàn lọ. Òjò ńlá ni, òótọ́ ni, ayé tó gbóná sì ń mú irú òjò bẹ́ẹ̀ le sí i. Ṣùgbọ́n ibi tí ènìyàn kọ́lé sí àti ibi tí wọ́n ti dí omi ló ń sọ iye ẹni tó máa kú. Méjèèjì ló jẹ̀bi.

Iná mànàmáná náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Omi tó ń yí ẹ̀rọ Kainji àti Jẹ́bà, apá kan nínú rẹ̀ láti òkè Fouta Djallon ní Guinea ló ti ń ṣàn bọ̀, ó ń gba inú Málì àti Niger kọjá, ó ń gbà á ní ọ̀pọ̀ oṣù kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ibi tí oòrùn ti ń mú jù ló ń gbà kọjá. Bí òjò ọ̀hún bá ṣe ségesège, bẹ́ẹ̀ ni omi ẹ̀rọ wa á ṣe máa ṣe ségesège, lásìkò tí gbogbo ènìyàn fẹ́ tan fáànù.

Ìyá_Èédú_Gánmọ̀ (6:02 ìrọ̀lẹ́)

Mo ti ń kà á láti àárọ̀ láàárín oníbàárà. Ó dáa, ayé ti dá mi láre. Ṣùgbọ́n Tísà, má fi mí sílẹ̀ báyẹn, sọ ti èédú gan-an fún mi. Ṣé kò ní ẹ̀bi rárá ni?

Tísà_Ọ̀mù-Àrán (6:20)

Màmá, ó ní díẹ̀. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń sun ún: wọ́n á to igi jọ, wọ́n á fi koríko àti yẹ̀pẹ̀ bò ó, wọ́n á ti iná bọ̀ ọ́, á máa rú èéfín fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Kí kìlò kan èédú tó jáde, nǹkan bíi kìlò márùn-ún sí mẹ́wàá igi ló ń bá a lọ. Ìyókù di èéfín, mítéènì wà nínú rẹ̀, ìyẹn sì ń di ooru mú ju kábọ́ọ̀nù-dáyọ́ksáìdì lọ fíìfíì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í pẹ́ nínú afẹ́fẹ́ tó o. Tí igi mìíràn bá hù rọ́pò èyí tí wọ́n gé, á fa kábọ́ọ̀nù rẹ̀ padà. Tí kò bá hù, gbèsè nìyẹn. Igbó gígé káàkiri ayé ń dá nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá kábọ́ọ̀nù tí ènìyàn ń tú jáde, Brazil, Indonesia àti Kóńgò ló sì kó púpọ̀ nínú rẹ̀. Tiwa níbí, ooru gbogbo ayé kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù nínú rẹ̀. Igi èmi ni. Ó ń tó ọdún 15 sí 20 kó tó so. Ìyá tó ń ṣe òrí ní Ìsin ni wọ́n ń gé oúnjẹ rẹ̀.

Ìyá_Èédú_Gánmọ̀ (6:44)

Òótọ́ nìyẹn, mi ò ní í purọ́. Èédú èmi àti ti àyìn ni oníbàárà ń béèrè. Ó wúwo lọ́wọ́, tẹ́ ẹ bá kan ọ̀kan mọ́ èkejì ó ń dún kóló, ó sì pẹ́ lójú iná. Mo dá a mọ̀ kí wọ́n tó tú àpò. Ti mẹ̀lánà fúyẹ́, ó ń yára jó tán, àwọn èèyàn ń ná an ní ìnákúnàá. Tí àwọn onílé yín bá gbà láti máa ra ti mẹ̀lánà tí wọ́n gbìn, èmi á sọ fún àwọn tó ń kó o wá pé kí wọ́n má gbé ti èmi wá síwájú ìsọ̀ mi mọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má wá sọ pé ó fúyẹ́ o.

Ọmọ_Ìpàta (7:30)

Mo ti kọ èyí tí mo máa kà fún wọn: kí a gbé òfin èédú tì, kí wọ́n máa ra ti mẹ̀lánà, kí a kó gọ́tà kí òjò tó dé, kí ojúlé kọ̀ọ̀kan gbin igi méjì. Mo mọ̀ pé ti igi yìí ló máa di ìjà. Igi wo ni kò ní wó fẹ́ńsì?

Ayàwòrán_Ilé_Fáàtẹ̀ (7:41)

Ẹ gbin dógóyarò síta, lójú títì, kó jìnnà sí sọ́kàwéè. Máńgòrò wọ inú àgbàlá tó bá láyè. Ẹ bu íńtálọ́ọ̀kì díẹ̀ kúrò níbi tí ẹ bá gbìn ín sí, kí omi lè wọlẹ̀. Ẹni tí kò ní àyè kankan, kó jẹ́ kí àjàrà tàbí ẹ̀gúsí gun orí pẹ́gọ́là (igi tí a tò bí àtíbàbà) síwájú fèrèsé tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn.

Bàbá_Pákátá (8:03)

Dógóyarò, mo fọwọ́ sí i, egbòogi ibà ni. Ṣùgbọ́n ta ló máa bomi rin ín? Èmi tí mò ń ra omi mu?

Alágbàdo_Ìdọ̀fìàn (8:15)

Ẹ má gbìn ín ní báyìí, Bàbá. Ẹ dúró di oṣù Kẹfà kí òjò ti múlẹ̀, kó lè ta gbòǹgbò kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Tí ẹ ò bá rí ọmọ igi, mo ní i lọ́pọ̀ lẹ́yìn ilé oko mi, ó ń hù fúnra rẹ̀. Owó ọkọ̀ nìkan ni kí akọ̀wé mú wá.